Ta ló ni ilẹ̀ tí a gbá jáde? Ọ̀rọ̀ pàǹtírí ilé ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀

Ìyá_Wándó (Àjàṣẹ́), alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Ẹtì, mo ní kí n gbé e wá síwájú yín.

Ọmọkùnrin kan ló ń fi púsù-púsù, kẹ̀kẹ́ ẹrù tí à ń fọwọ́ tì, kólẹ̀ ní àdúgbò wa. A máa ń fún un lówó lóṣooṣù, òun náà kì í sì í jẹ́ kí a wá òun tì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ báyìí, a ó ti máa gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ kí àbúrò ọkọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọ̀nà yẹn gba ẹ̀gbẹ́ àbàtà kọjá. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìwé ọmọ mi. Ìwé ìṣirò rẹ̀ ti ọdún tó kọjá ni, èyí tí èmi fúnra mi fi bébà aláwọ̀ aró bò, orúkọ rẹ̀ gbàgàdà lára rẹ̀. Ó nà gbalaja sórí òkìtì ìdọ̀tí, èèpo iṣu lápá kan, ọ̀rá dúdú lápá kejì, ìlédìí ọmọ ọlọ́mọ lórí rẹ̀. Omi àbàtà ti rin ín gbingbin. Kànga kan kò ju ogún ẹsẹ̀ sí ibẹ̀ lọ, obìnrin kan sì ń fa omi níbẹ̀ lójú mi.

Nígbà tí ọmọkùnrin náà tún dé, mo bi í léèrè. Kò purọ́ fún mi. Ó ní ẹni tó ni ilẹ̀ àbàtà yẹn ló ń fún òun ní owó díẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ilẹ̀ rẹ̀ lè ga, kó lè rí ibi kọ́lé sí. Àwa ń sanwó kó lè gbé e lọ, ẹlòmíràn ń sanwó kó lè gbé e wá.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí: bí pàǹtírí bá ti jáde lẹ́nu ọ̀nà mi, ta ló ni ín? Kọ́mínì, ìjọba ìbílẹ̀ wa, ni, ọmọ ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ni, àbí èmi? Kí ni mo sì lè ṣe nínú ilé mi kó tó di ohun tí obìnrin kan yóò bá nínú omi mímu rẹ̀?

Akọ̀wé_Àná (Àjàṣẹ́)

Ìyá Wándó, ẹ kú ìrònú. Ọ́fíìsì kọ́mínì kan ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ yìí kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí mi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti òfin. Òfin 97-029 ti ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1999 ló gbé kíkó pàǹtírí ilé àti títọ́jú rẹ̀ lé kọ́mínì lọ́wọ́. Ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá nìkan ni kò sí nínú rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2002 la kọ́kọ́ dìbò yan ìgbìmọ̀ kọ́mínì, nígbà tó di 2003 àwọn mẹ́ẹ̀, olórí kọ́mínì, gorí àga, kọ́mínì 77 káàkiri ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Iṣẹ́ dé, ṣùgbọ́n owó tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ kò bá a dé. Bí àwọn ọmọ ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ṣe rí ọ̀nà wọlé nìyẹn. Àyè tó ṣófo ni wọ́n dí, kí á má bú wọn jù.

Òfin ìmọ́tótó ìlú tún wà, 87-015, ti ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 1987. Òun ni kò gbà kí ẹnikẹ́ni máa da ìdọ̀tí sójú títì tàbí sínú omi. Ẹni tó ni àbàtà yẹn ṣẹ̀, ẹni tó gbé e lọ náà ṣẹ̀. Nítorí náà, Ìyá, ìdáhùn tèmi ni pé tiyín ni títí yóò fi dé ibi tó yẹ kó dé, kọ́mínì ló sì gbọ́dọ̀ fi ibi náà hàn yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí okùn ti ń já. Ìrìn mẹ́ta ni pàǹtírí ń rìn. Kẹ̀kẹ́ á gbé e láti ẹnu ọ̀nà dé ibi àkójọ àdúgbò, ọkọ̀ akẹ́rù á gbé e níbẹ̀, ó di ibi ìsìnlẹ̀. Ní ti Àjàṣẹ́, láti 2018 ni ìjọba ti dá ilé-iṣẹ́ tí ń bójú tó pàǹtírí kan sílẹ̀, SGDS, fún ìlú márùn-ún: Kútọnu, Abomey-Calavi, Wìdà, Sèmè-Kpodji àti Àjàṣẹ́ wa. Ibi ìsìnlẹ̀ kan wà ní Ouèssè lápá Wìdà, òmíràn wà ní Takon lágbègbè Ṣakẹ́tẹ́. Ibi ìsìnlẹ̀ kì í ṣe ààtàn lásán. Wọ́n á tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi ẹ̀gbin má baà rì bọ́ sínú omi ilẹ̀, wọ́n á sì máa da yẹ̀pẹ̀ bo ohun tí wọ́n bá kó wá. Àbàtà ẹ̀yìn ilé kò ní ọ̀kankan nínú èyí. Ìrìn àkọ́kọ́ lokùn ti sábà máa ń já, níbikíbi tí mo ti rí i. Bí ibi àkójọ bá jìnnà, ọmọ ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ kò rí fáráǹkì kan kún owó rẹ̀ nítorí ọ̀nà jíjìn. Àbàtà wà nítòsí, àbàtà sì ń sanwó. Níbo lẹ fẹ́ kó yà sí?

Àgbẹ̀_Etí_Ọ̀sà (Àjàṣẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òfin kò sọ.

Ọgbà ẹ̀fọ́ ni mò ń dá létí ọ̀sà: gbọ̀mọ, tẹ̀tẹ̀, àlùbọ́sà eléwé. Bàbá mi ló fi í lé mi lọ́wọ́. Nígbà ayé wọn, àwọn ló ń sanwó fún ẹni tó bá gbé ilẹ̀ ilé wá bá wọn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: owó là ń fi ra pàǹtírí nígbà náà. Èèpo iṣu, èèpo gbágùúdá, ewé tí wọ́n fi pọ́n àkàsà, eérú, ìgbẹ́ ewúrẹ́, iyanrìn. Bí òjò bá ti rọ̀ sí i fún ìgbà díẹ̀, á dúdú, á rọ̀, ẹ kò ní mọ̀ pé ìdọ̀tí ni tẹ́lẹ̀. Àwa ọmọdé mọ̀ pé orí ààtàn ni ìbẹ́pẹ tó dùn jù máa ń hù sí, láìsí ẹni tó gbìn ín.

Èmi náà rà á ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Kẹ̀kẹ́ mẹ́rin. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti tú u ká, àfi ṣáá! Àfọ́kù dígí ló wọ àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo jókòó sórí ebè, mo fi aṣọ di ọwọ́, mo wá ń wo ohun tí mo fowó rà. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta tó ti ń sun omi dúdú. Abẹ ìfárí. Ọ̀rá, ọ̀rá, ọ̀rá: mo fà á yọ títí òkìtì ọ̀rá fi ga ju ajílẹ̀ tó kù lọ. Níbi tí n kò ti yọ ọ́ tán, omi kò ríbi wọlẹ̀, gbòǹgbò gbọ̀mọ ká jọ sórí ọ̀rá bí òwú, ewé pọ́n, ó kú. Láti ọjọ́ náà, ìgbẹ́ adìyẹ ni mò ń rà, ó sì wọ́n.

Ohun tó wà nínú garawa ìdáná yín, ọjà mi ni. Bátìrì tí ẹ jù lé e ló bà á jẹ́. Ìfẹ́ ni mo fi sọ ọ́ o, ẹ má bínú.

Ará_Ìdènà (Kétu)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ará Àjàṣẹ́. Ẹni tó bá wá kí wa ní Kétu, bó bá ti rí Akaba Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, tán, Ààtàn Ọlá ló kù tí wọ́n á mú un lọ wò. Ààtàn ni o, òkìtì ilẹ̀ gbígbá. Àwọn baba wa ló fi ọlá kún orúkọ rẹ̀, ó sì di ibi ọ̀wọ̀. Bó ṣe yé mi sí ni pé ibi tí èèyàn bá ti ń jẹ, tí wọ́n ń mu, tí wọ́n ń bímọ, ibẹ̀ ni ààtàn ti ń ga. Nígbà tí ogun Dàhọ̀mì kó Kétu ní 1886, ta ló kù tí yóò gbálẹ̀? Ààtàn tó bá ń ga, ìlú wà láàyè ni.

Ṣùgbọ́n òkìtì ayé òde òní kò ní ọlá kankan. Ohun tó wà nínú ààtàn àwọn baba wa, ilẹ̀ ń jẹ ẹ́. Ohun tó wà nínú tiwa, ilẹ̀ kò lè jẹ ẹ́, ewúrẹ́ kò lè jẹ ẹ́, iná gan-an bó bá jẹ ẹ́, èéfín rẹ̀ á pa wá.

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, mo ní ohun kan láti bá yín jà lé lórí. Ìrìn mẹ́ta tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, ti ìlú ńlá ni. Kọ́mínì Kétu ní ẹkùn mẹ́fà: Kétu fúnra rẹ̀, Adakplamè, Idigny, Kpankou, Odometa àti Okpometa. Ọkọ̀ wo ló máa lọ gbé èèpo gbágùúdá ní Idigny wá sí àárín ìlú? Epo ọkọ̀ á ju iye ohun tó gbé lọ. Ní tèmi, kí ohun tí ilẹ̀ lè jẹ má kúrò ní àdúgbò rárá. Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ààtàn tirẹ̀ tó lọ́gbà, tó ní ẹni tí ń mójú tó o. Kí kọ́mínì wá fi ọkọ̀ rẹ̀ àti owó rẹ̀ gbé kìkì ohun tí ilẹ̀ kọ̀. Ìdọ̀tí méjì la ní. Àwa la sọ ọ́ di ọ̀kan.

Ọmọ_Ìbàdàn

Ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ dákun, mo gbọ́ pé wọ́n ti fòfin de ọ̀rá lọ́dọ̀ yín. Báwo ló ṣe tún pọ̀ tó báyìí?

Ìyá_Ẹlẹ́rìndòdò (Àjàṣẹ́)

Ọmọ Ìbàdàn, òótọ́ ni o. Òfin 2017-39 ni, ìparí ọdún 2017 ni wọ́n ṣe é. Ó ní kí a má ṣe ọ̀rá tí kì í jẹrà, kí a má kó o wọlé, kí a má tà á, kí a má lò ó. Èmi ọlọ́jà ni mo sì ń sọ fún ẹ pé ọ̀rá kò tíì tán lọ́jà. Oníbàárà á ra ata 100 fáráǹkì, á ní kí n bá òun fi ọ̀rá dì í. Bí n kò bá ní, ó di ọ̀dọ̀ ẹni kejì. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, kò sẹ́ni tí ń lọ sọ́jà láìgbé agbọ̀n. Agbọ̀n wà lórí, abọ́ ọbẹ̀ wà nínú agbọ̀n. Òfin nìkan kò lè dá agbọ̀n padà, àwa obìnrin ló máa dá a padà.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan hàn yín níbi tí mo ti ń tajà. Ǹjẹ́ ẹ ti rí ìgò bíà tó sùn sínú gọ́tà rí? Ó ṣọ̀wọ́n. Nítorí kí ni? Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìgò lọ sílé, á mú òfìfo wá tàbí á fi owó ìgò sílẹ̀. Owó wà lára òfìfo, nítorí náà ọmọdé á sáré gbé e padà wá fún mi. Ìgò ike tí wọ́n fi ń ta omi, kò sówó lára rẹ̀, ẹ wo gọ́tà kí ẹ rí i. Èyí tó bá mọ́ nínú rẹ̀, àwọn obìnrin elépo àti àwọn tí ń ta ẹ̀pà sísun máa ń rà á lọ́wọ́ mi. Agolo náà, àwọn alágbẹ̀dẹ ìkòkò ń wá a kiri, wọ́n ń yọ́ ọ láti rọ ìkòkò ọbẹ̀. Ohun tó bá ní olùrà kì í dé àbàtà.

Ọmọ_Àjàṣẹ́_Jámánì

Ìyá mi, ohun tí ẹ sọ yìí gan-an ni wọ́n ń ṣe níbi tí mo wà. Láti 2003 ni Jámánì ti fi owó ìdógò sórí agolo àti ìgò ike alálòdanù, sẹ́ǹtì 25 lórí ẹyọ kan. Mo máa ń kó wọn sínú àpò lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ kan á gbé e mì lọ́kọ̀ọ̀kan, á tẹ ìwé owó jáde fún mi. Ẹni tó bá ju ìgò sílẹ̀ ní gbàgede, kò ní í pẹ́ tí ẹlòmíràn á fi ṣà á.

Nínú ilé, garawa bíi mẹ́rin ni: ti bébà, ti ike, ti ohun jíjẹrà, ti ìyókù. Mo rò pé kí kọ́mínì wa náà pín garawa mẹ́rin fún ilé kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀rọ̀ tán.

Akọ̀wé_Àná

Àbúrò, ọ̀rọ̀ kò ní tán bẹ́ẹ̀. Kí ni ìyá rẹ ń gbá lóròòwúrọ̀? Iyanrìn. Àgbàlá wa kì í ṣe ilẹ̀ tí a fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ bíi ti Jámánì. A fi ìgbálẹ̀ gbá a, iyanrìn ń bá ewé lọ sínú garawa, garawa wúwo, ọmọ ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ń làágùn, ọkọ̀ ń jó epo láti gbé iyanrìn wa lọ sin sí ìlú ẹlòmíràn. Lójoojúmọ́ ayé. Garawa àkọ́kọ́ tí ilé kan ní Àjàṣẹ́ nílò ni asẹ́ tí wọ́n fi ń jọ iyanrìn kúrò, kó dúró sínú àgbàlá. Kí a wo ìdọ̀tí tiwa kí á tó ra garawa ẹlòmíràn.

Ará Ìdènà, ìjà tí o bá mi jà, o borí mi. Ìlú ńlá ló wà lọ́kàn mi nígbà tí mò ń kọ ọ́.

Kẹ́kọ̀ọ́_Songhaï (Àjàṣẹ́)

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ìrọ̀lẹ́. Mo kọ́ṣẹ́ ní Songhaï, oko ìkọ́ṣẹ́ àgbẹ̀ kan ní Wándó níbí, ibi tí Fáda Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985. Ohun tó wọ̀ mí lára jù níbẹ̀ ni pé ohun tí apá kan oko bá ti sọ nù, apá kejì ń dúró dè é: ìgbẹ́ ẹran lọ sínú kòtò gáàsì tí wọ́n fi ń dáná, ìdin tí wọ́n tọ́ lórí ìdọ̀tí di oúnjẹ ẹja.

Ìyá Wándó béèrè ohun tí òun lè ṣe nílé. Bí ẹ bá ní ibi tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ mẹ́rin lábẹ́ igi, ó ti tó. Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ pòròpórò àgbàdo tàbí ẹ̀ka wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà gbà. Lórí rẹ̀ ni kí ẹ tẹ́ ewé gbígbẹ sí, ẹ wá da èèpo àti àjẹkù tútù lé e, kí gbígbẹ pọ̀ ju tútù lọ. Bí ẹ bá ní ìgbẹ́ ewúrẹ́ tàbí ti adìyẹ, ẹ wọ́n ọn fẹ́ẹ́rẹ́ sórí, àti eérú ìkúnwọ́ kan tàbí méjì. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti orí gbígbẹ, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi tó ìbàdí yín. Ẹran, epo, eegun, ìgbẹ́ ajá àti ìlédìí kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, nítorí eku àti àrùn.

Omi rẹ̀ ni àwọn èèyàn máa ń ṣì. Ẹ bù ú ní ẹ̀kúnwọ́, ẹ fún un. Bí omi bá kán tó ẹ̀kán kan tàbí méjì, ó dáa. Bó bá ń ṣàn, ó ti pọ̀ jù, ẹ fi gbígbẹ kún un. Bí kò bá kán rárá, ẹ wọ́n omi sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ẹ ti igi gígùn kan bọ àárín òkìtì náà, ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀, ẹ fà á yọ, ẹ dì í mú. Bí ó bá gbóná débi pé ẹ fẹ́ jù ú sílẹ̀, inú yín kó dùn: ooru tó ju ìwọ̀n 60 lọ lè wà nínú rẹ̀, òun ló ń pa kòkòrò àrùn àti irúgbìn èpò. Ẹ máa fi ṣọ́bìrì yí i padà lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Ní oṣù méjì sí mẹ́ta, á dúdú, òórùn rẹ̀ á dà bí ti ilẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀. Òkìtì tó bá ń rùn, afẹ́fẹ́ ni kò rí. Ẹ yí i padà, ẹ má pa á tì.

Ọmọ_Òkè_Sábẹ̀ẹ́ (Sábẹ̀ẹ́)

Ẹ kú làákàyè o. Ọ̀rọ̀ tiwa ní Sábẹ̀ẹ́ yàtọ̀ díẹ̀. Ní abúlé tí mo wà, kò sí ẹni tí ń kó o, kò sí púsù-púsù. Iná la ń fi sí i. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí èéfín lẹ́yìn ilé kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ kéékèèké á sì rọ̀gbà yí iná ọ̀rá ká nítorí pé ó ń jó ní àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń wúkọ́ ní gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀. Mo ti bẹ̀ wọ́n títí.

Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn á gbé èyí tí kò jó, á kó o lọ sí ìsàlẹ̀ àwọn òkè wa. Àwọn tí ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn ń ya àwòrán òkè náà. Èmi ọ̀rá tó so mọ́ igi ẹ̀gún nísàlẹ̀ rẹ̀ ni mò ń rí.

Ní ọdún tó kọjá, a pa òbúkọ kan fún ìkómọ. Ẹran náà ti ń rù ṣáájú, ikùn rẹ̀ nìkan ló tóbi. Nígbà tí a la àpòlúkù rẹ̀, ohun tó jáde tóbi bí orí ọmọ: ọ̀rá ni, ó ti lọ́ mọ́ ara rẹ̀, ó le bí bọ́ọ̀lù, okùn ike yí i ká. Bàbá mi fi ọ̀bẹ yí i síhìn-ín, yí i sọ́hùn-ún, wọn ò sọ̀rọ̀. Ebi ló ń pa òbúkọ náà pẹ̀lú ikùn tó kún.

Ìbéèrè mi fún ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé: ta ni kí a kọ̀wé sí?

Akọ̀wé_Àná

Ẹ gbà mí láyè, ọmọ mi. Láti ìgbà tí òfin 2021-14 ti ọjọ́ 20 oṣù kejìlá ọdún 2021 ti dé, mẹ́ẹ̀ àti ìgbìmọ̀ ló ń pinnu, ṣùgbọ́n ẹni tó ń mú iṣẹ́ ojoojúmọ́ ṣe ni ẹni tí wọ́n ń pè ní secrétaire exécutif. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ̀wé sí mẹ́ẹ̀ nìkan, ìwé á jókòó. Kọ ọ́ sí mẹ́ẹ̀, fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí secrétaire exécutif, jẹ́ kí olórí abúlé yín fọwọ́ sí i, kí o sì gba òǹtẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbà á sára ẹ̀dà tìrẹ. Òǹtẹ̀ yẹn ni kí o má gbàgbé láé. Má sì kọ “ẹ gbà wá lọ́wọ́ ìdọ̀tí”. Kọ ohun kan péré tí apá wọn ká: ibì kan tí a ó máa kó ọ̀rá, bátìrì àti àfọ́kù ìgò jọ sí, àti ọkọ̀ tí yóò wá gbé e lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ìyókù, ẹ̀yin abúlé lè ṣe é fúnra yín. Abúlé tó bá wá pẹ̀lú ìdajì iṣẹ́ lọ́wọ́, ó ṣòro láti lé e padà. Mo wà lẹ́yìn tábìlì náà rí, mo mọ̀.

Ìyá_Wándó, ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ má bínú pé mo dákẹ́, iṣẹ́ ni mò ń ṣe.

Èèyàn méje la jẹ́ nínú ilé. Garawa mẹ́sàn-án la máa ń gbé síta lọ́sẹ̀. Mo ti kà á kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, mo ya gbogbo rẹ̀ sọ́tọ̀. Iyanrìn tí a jọ̀ jẹ́ garawa mẹ́ta, a dà á padà sẹ́yìn ilé níbi tí òjò ti gbẹ́ ilẹ̀. Èèpo, ewé àti àjẹkù jẹ́ garawa mẹ́rin ààbọ̀. Ìgò ike àti agolo kún àpò ìrẹsì kan, Ìyá Ẹlẹ́rìndòdò ti mọ ẹni tó máa rà á. Ohun tó wá kù fún ọmọ ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ láti gbé kò ju garawa kan lọ: ọ̀rá, àkísà, ìlédìí. Bátìrì wà nínú agolo mílíìkì lórí fèrèsé, ọmọ mi ló ń ṣọ́ ọ. Mo jókòó, mo ń wo garawa kan ṣoṣo yẹn. Ọdún mélòó ni mo ti ń sanwó kí wọ́n máa bá mi gbé iyanrìn?

Mo pe ọmọkùnrin náà jókòó, mo fún un lómi. Mo bi í pé èló ni yóò gbà kó lè dé ibi àkójọ gan-an. Ó ní bí ẹrù bá ti fúyẹ́ báyìí, òun lè rin ibẹ̀, kí ilé kọ̀ọ̀kan fi 200 fáráǹkì kún owó oṣù. Mo ti wọ ilé mọ́kànlá ní àdúgbò wa. Mẹ́jọ gbà. Méjì ní kí àwọn rò ó. Ìyàwó ilé kan bínú sí mi, ó ní ṣé mo fẹ́ kọ́ òun bí a ṣe ń gbálẹ̀ ni. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀, n ó tún padà lọ.

Ìṣòro tó kù ni garawa mẹ́rin ààbọ̀ yẹn. Àgbàlá mi kò gba òkìtì, ilé mẹ́jọ kò sì kéré.

Àgbẹ̀_Etí_Ọ̀sà

Ìyá Wándó, ẹ gbé e wá bá mi. Mo ní àyè lẹ́yìn ọgbà, n ó fi ṣe òkìtì bí Kẹ́kọ̀ọ́ Songhaï ṣe wí. Ohun tí alábàtà ń fún ọmọkùnrin yẹn lórí kẹ̀kẹ́ kan, èmi á fi 100 fáráǹkì lé e. Àdéhùn kan ni mo fẹ́: kò gbọdọ̀ sí dígí, kò gbọdọ̀ sí bátìrì, kò gbọdọ̀ sí ọ̀rá.

Ọmọ_Òkè_Sábẹ̀ẹ́

Olórí abúlé ti fọwọ́ sí ìwé. Mo gba òǹtẹ̀ lọ́jọ́bọ̀. A ti gbẹ́ ibi òkìtì sẹ́bàá ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ ló kó ewé mángòrò jọ. Òjò ń ṣú báyìí, ẹ̀rù ń bà mí pé á gbá a lọ.

Kẹ́kọ̀ọ́_Songhaï

Fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, kó nípọn, kí o sì fa ọ̀nà omi yí i ká. Má fi ọ̀rá bò ó o.

Àgbẹ̀_Etí_Ọ̀sà

Kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ dé láàárọ̀ yìí. Mo dà á sórí ẹní, mo ki ọwọ́ òsì bọ̀ ọ́, èyí tó ní àpá. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé àkàsà, irun àgbàdo. Mo wá a dé ìsàlẹ̀. Ṣíbí ọbẹ̀ kan ni mo bá níbẹ̀, ó ṣì ń dán, wọ́n fi ìṣó kọ lẹ́tà kan sí ẹ̀yìn ìdìmú rẹ̀. Ìyá Wándó, ẹ bá mi béèrè nínú ilé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Mo fọ̀ ọ́, ó wà lọ́wọ́ mi.